Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera àwọn ọ̀dọ́ lábúlé

Kí ẹ tó dá ọjọ́ rárá, ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà. Ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ ọjà abúlé ni wọ́n ṣì ń ná lọ́rọọrún. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà, àwọn ọmọ tí ẹ torí wọn wá ti ru ẹrù tẹ̀lé ìyá wọn nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ yà, kó tó kan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ wọn. Ẹ má fo nọ́ọ̀sì o: òun lẹ ó mú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ bá. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í fún ọmọ ọlọ́mọ lóògùn, ì báà ṣe parasitamọ́ọ̀. Ìyọ̀ǹda òbí fún ẹ̀kọ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún fọ́tò. Ẹ bèèrè méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe sàn ju márùn-ún tí wọ́n fetí gbọ́. Kẹ́ẹ̀gì ìfọwọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ẹ fi ìṣó tó gbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ìhà tó kọjú sí ibi ìdìmú, ní nǹkan bí ìka mẹ́rin sí ẹnu rẹ̀. Ẹ ri igi méjì tí orí wọn pín sí ẹ̀ka méjì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ewúrẹ́ má bàa fara ti wọ́n wó, kí ẹ ki ọ̀pá kan bọ ìdìmú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e kọ́ sórí igi méjèèjì. Okùn láti ìdérí yóò wá sórí igi kékeré tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kí kẹ́ẹ̀gì lè dẹnu kọ ilẹ̀, kí omi sì jáde. Bí ihò bá lọ sísàlẹ̀ jù, omi á máa jò ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá rọ omi kọjá ihò, á ṣàn títí á fi bá ihò dọ́gba. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kó má bàa di ẹrẹ̀. Ọṣẹ náà, ẹ fi okùn so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Omi oníyọ̀-àti-ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru ló tẹ̀ lé e, fún ìgbà tí kò bá sí ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ní ilé ìwòsàn. Píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n tẹ 50cl sí lára jẹ́ lítà kan. Ẹ fi ṣíbí tíì 6 ṣúgà sí i, pẹ̀lú ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó yọ lórí ṣíbí kúrò kó tẹ́jú: ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìṣe, torí ọwọ́ wa fẹ́ràn àkúnwọ́sílẹ̀. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fọ́mọ. Ṣúgà tó pọ̀ jù á dá kún ìgbẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Nípa nǹkan oṣù àti ara tó ń yí padà, ẹ ya obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ọkùnrin, ogún ọmọ lójú kan, kí obìnrin sì kọ́ obìnrin. Ẹ gbé páálí kan tí ẹ dá ihò sí lórí sílẹ̀ fún ìbéèrè. Inú ìwé kan náà ni kí ẹ ti gé gbogbo pépà, torí pépà aláwọ̀ máa ń tú olówó rẹ̀ fó. Gbogbo wọn ni yóò ju tiwọn sí i, kódà ẹni tí kò kọ nǹkan kan. Ẹ kà á lálẹ́, kí ẹ dáhùn láàárọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ ó lọ, ẹ yan ọmọ méjì ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa pọnmi sí kẹ́ẹ̀gì. Bí kò bá ní olùtọ́jú, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi máa fi kẹ́ẹ̀gì yẹn ra epo pupa.