Ẹ Kọ Ebè Dábùú Òkè: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Ìdànrè àti Àkókó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìdànrè, ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Òkè-Àgbè, ẹ mọ ebè í kọ. Ibi tí ẹ ń dorí ebè kọ ló ń kó oko yín lọ. Lọ́dọọdún, bí òjò oṣù kẹfà bá ti le, ebè gígùn tí wọ́n kọ láti òkè wálẹ̀ tààrà là ń rí: poro á di odò, ilẹ̀dú á ṣàn lọ, iṣu á yọrí síta. "Kí omi má baà dúró sídìí iṣu" ni àwíjàre tí à ń gbọ́. Omi kì í dúró ní ìdàgẹ̀rẹ́. Eré tó ń sá ló ń ṣe ibi. Ẹ má sì sọ pé bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá yín ń ṣe. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ di igbó fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó padà sí i. Ẹ̀yin ń ro ó lọ́dọọdún.

Ebè gbọ́dọ̀ dábùú òkè, ojú lásán kò sì tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe igi ìwọ̀n tí ẹ ó fi mọ ìlà tó tẹ́jú dọ́gba lára òkè. Ẹ gé ọparun méjì, ẹsẹ̀ bàtà 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ so orí méjì tó gùn pọ̀, ẹ ya ìdí wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ẹ de kékeré mọ́ wọn lágbedeméjì. Ẹ fi okùn so òkúta kọ́ láti orí, kó rékọjá igi ìdábùú díẹ̀. Ẹ gbé e dúró, ẹ kan èèkàn síbi ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí okùn ti kan ìdábùú. Ẹ yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú èèkàn òsì, kí ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì gan-an ni àmì tòótọ́. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣọ̀lẹ: wọ́n á sàmì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó! Ìlà á dà sápá kan, omi á kó jọ síbẹ̀, á sì já ebè. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Láti ẹ̀gbẹ́ oko, kí ẹsẹ̀ kan dúró, ẹ máa gbé èkejì káàkiri títí okùn á fi bọ́ sórí àmì. Ẹ kan èèkàn, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Tí ìlà kan bá parí, ẹ dúró lórí rẹ̀, ẹ kọjú sápá òkè oko, ẹ wo iwájú tààrà láìgbé orí: ibi tí ojú yín bá ti kan ilẹ̀ ni ìlà kejì. Ẹ gbin koríko ọba sórí ìlà wọ̀nyí, ínǹṣì 6 síra, tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ínǹṣì 12. Ebè á tẹ̀ lé ìlà yìí, gíga ẹsẹ̀ bàtà 1. Nínú poro, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí i ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10, ṣùgbọ́n kí ìdènà náà má ga ju ìdajì ebè lọ, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba orí rẹ̀ kọjá.

Kòkó ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, kí igi ìlà ìsàlẹ̀ kọjú sí àlàfo ìlà òkè. Àdá ni kí ẹ fi ro ó, ẹ má fi ọkọ́ ha ilẹ̀, ẹ má sì gbá ewé tó já bọ́.

Ẹni tí oko rẹ̀ wà nídìí àpáta gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò sáàárín àpáta àti oko kó tó kọ ebè kankan, nítorí àpáta kì í mu omi. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2, jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wà lápá ìsàlẹ̀. Kó dà ní ínǹṣì 1 péré nínú ẹsẹ̀ bàtà 10. Inú koríko tàbí odò ni kó já sí. Ẹ má darí rẹ̀ sóko aládùúgbò yín. Ìwà ìkà nìyẹn.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ yẹ gbogbo ìlà wò. Ebè tó bá já, ẹ to òkúta sí i kí ẹ tó kó yẹ̀pẹ̀ lé e, lọ́jọ́ náà gan-an.