Ọjọ́ méjìlá tí mo fi ṣọ́ Tanímọ̀la

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tanímọ̀la, ajá mi, bímọ láàárín ọdún méjì. Mo wá ẹni tí n ó ta ọmọ ajá lọ́rẹ títí ó fi sú mi. Nígbà tí dókítà ẹranko ní àwọn lè yọ ilé-ọmọ rẹ̀ kúrò, mo gbà.

Mo rò pé alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni yóò le jù. Rárá o. Oorun abẹ́rẹ́ ṣì wà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa. Ìrẹsì díẹ̀ ni mo fún un kó má bàa bì, ó bá sùn.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. Ara ti yá ajá! Ó fẹ́ sáré, ó fẹ́ fò, bẹ́ẹ̀ dókítà ní ọjọ́ 10 sí 14 ni kó fi jókòó jẹ́ẹ́, kí okùn tí wọ́n fi rán inú rẹ̀ má bàa já. Pálọ̀ ni mo so ó mọ́. Tó bá fẹ́ tọ̀, a jọ ń jáde ni.

Ike tí wọ́n fi sí i lọ́rùn kó má lè lá ojú abẹ, ó gbé e kọlu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kẹta, ó fọ́. Mo gé ìdí garawa ọ̀dà kan dípò rẹ̀, ajá kọ̀, kò jẹun. Síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ọmọ mi ló yọ mí: ẹsẹ̀ iwájú nínú ihò apá, mo ta ìdí rẹ̀ ní kókó lẹ́yìn. Kò jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e pẹ̀lú, torí eṣinṣin ló ń bí ìdin sójú ọgbẹ́.

Màmá Ìbejì gbé àdí wá. “Ẹ fi pa á, á gbẹ kíá.”

“Ẹ ṣé mà. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kàn án, omi pàápàá.”

Ẹlòmíràn ní kí n lọ paracetamol sínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: ó lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, bí ibuprofen ṣe lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Oògùn ìrora tí dókítà fún wa nìkan ló lò.

Tàárọ̀ talẹ́ ni mo ń yẹ ojú abẹ wò. Ó kọ́kọ́ wú díẹ̀, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Ọyún àti òórùn ni mo ń ṣọ́. Mo tún ń ṣí ẹnu rẹ̀ wo erìgì. Tó bá funfun, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n tú okùn náà. A délé, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀, ó gbọn ara jìgìjìgì, ó fò sórí àga mi. Ọmọ mi ní òun ò gba síńgílẹ́ẹ̀tì òun mọ́.