Bí Ọmọ Tó Ń Mu Ọmú Ṣe Lè Mọ Fídà Mu

Ìwé yìí wà fún ìyá tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, fún bàbá tí ọmọ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti fún ìyá àgbà tàbí ẹnikẹ́ni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Wàrà ọmú tí ìyá fún jáde ni a ní lọ́kàn pé kó wà nínú fídà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé wàrà ọmú nìkan ló tó ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kò nílò omi pàápàá. Bóyá orí ọmú ló ti fà á ni o, bóyá inú fídà ni, wàrà kan náà ni.

Ọmọ tó kọ fídà kì í ṣe olóríkunkun. Ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu ló ṣàjèjì sí i. Ọmú rọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, òórùn ìyá wà lára rẹ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń fà á: ìgbà tó bá fà ni wàrà ń wá, ìgbà tó bá sinmi, ó rọlẹ̀. Ti fídà yàtọ̀. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò, wàrà á máa ṣàn sí ọmọ lẹ́nu bó fẹ́, bó kọ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni fídà tó lọ́ra, tó jẹ́ pé ọmọ ló ń darí rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ọmú mu dáadáa, kí wàrà ìyá sì ti máa wá déédéé. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, èyí máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá fẹ́ wọṣẹ́. Ó kéré tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ 2, kí ọjọ́ tí ọmọ bá kọ̀ ọ́ má baà kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní, “Ẹ jẹ́ kí ebi pa á dáadáa, á mu ún.” A kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí rárá. Ọmọ tí ebi ti mú kò ní sùúrù láti kọ́ nǹkan tuntun. Ẹkún ni yóò fi mọ fídà, bó bá sì tún rí i lọ́la, ẹkún náà ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí wá nǹkan, tó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, tí kò tíì ké, ni kí ẹ gbé fídà wá.

Bí a ṣe ń fún un

Ó sábà máa ń rọrùn bí ẹlòmíràn bá fún un, tí ìyá sì wà ní yàrá mìíràn. Bí ọmọ bá ń gbóòórùn ọmú nítòsí, kí ni yóò fi fídà ṣe? Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi ìyá wọn, nítorí náà ẹ gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì.

Ẹ ra orí fídà, ìyẹn ròbà tí ọmọ ń fà, èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù lọ. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan orí náà kó má baà tutù sí i lẹ́nu. Wàrà 30 ml ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá dànù, kò ní dun ìyá púpọ̀.

Ẹ gbé ọmọ jókòó, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró, kí ẹ fi ọwọ́ gbé orí àti ọrùn rẹ̀ ró. Ẹ fi orí fídà kan ètè rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dúró. Ẹ má tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá la ẹnu gbàgà, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ fà á wọlé. Ẹ di fídà mú kó wà ní ìbú, kí wàrà kàn dé orí rẹ̀, kó má dà gùdù. Lẹ́yìn tó bá ti fà á bí ìgbà mélòó kan, ẹ rẹ ìdí fídà sílẹ̀ díẹ̀ kó lè mí kanlẹ̀, kí ẹ tó gbé e sókè padà. Bó bá dé ìdajì, ẹ gbé ọmọ sí apá kejì, bí ìyá ṣe ń pààrọ̀ ọmú.

Bó bá yí ojú kúrò, tó pa ẹnu dé, tàbí tó fi ahọ́n ti orí fídà jáde, ó ti tó o nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́ kù kì í ṣe gbèsè tí ọmọ gbọ́dọ̀ san.

Bó bá kàn ń fi èrìgì rún orí fídà ṣeré, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ó ń mọ̀ ọ́n lọ nìyẹn. Bó bá bú sẹ́kún, ẹ gbé e kúrò, ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí ìyá fún un lọ́mú, ó di ọ̀la. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ nígbà tó ń tòògbé, tàbí kí ẹ máa gbé e rìn kiri. Kí ẹ tó sáré lọ ra oríṣi orí fídà mìíràn, ẹ lo èyí tó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, torí pípààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ń da ọmọ lójú rú, ó sì ń náni lówó.

Nígbà mìíràn, wàrà tó ti pẹ́ nínú fíríìjì máa ń rùn bí ọṣẹ, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ẹ fún un ní èyí tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún jáde. Bó bá mu ún, òórùn ló ń kọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi oyin pa orí fídà kó lè dùn. Oyin lè kó májèlé burúkú bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Ẹ má sì fi fídà ti ìrọ̀rí fún ọmọ láti máa dá mu, wàrà lè há a lọ́fun.

Wàrà àti ìmọ́tótó

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ fídà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó. Wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún jáde lè wà nínú yàrá tí kò gbóná ju 25°C lọ fún wákàtí 4, ó sì lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 4. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ gbé e sí kó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹ má lo máíkírówéèfù, torí apá kan lè gbóná débi tí yóò bó ọmọ lẹ́nu. Èyí tí ọmọ bá mu kù, bó bá ti ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù.

Ọmọ tó wà láàárín oṣù 1 sí 6 sábà máa ń mu tó 750 ml lójúmọ́. Bó bá ń mu ún lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ń lọ sí bíi 90 ml lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ọmọ bá ń mu fídà nílé, kí ìyá fún wàrà jáde níbi tó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara rẹ̀ á rò pé a kò nílò rẹ̀ mọ́, wàrà á sì máa dín kù.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀

Fídà nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Ife kékeré wà, ọmọ tuntun pàápàá lè mu nínú rẹ̀: ẹ gbé e jókòó, ẹ fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀, kó máa fi ahọ́n lá a. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Ọmọ tó ti pé oṣù 6 lè fo fídà kọjá pátápátá.

Àwọn ọmọ kan á mu díẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á dúró de ìyá, wọ́n á sì fi gbogbo òru mu ọmú. Ó ń rẹ ìyá o, ṣùgbọ́n kò léwu bí ọmọ bá ń tọ̀ sí ìlédìí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, tó sì ń tẹ̀wọ̀n sí i. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín kù sí ìyẹn, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú, tó ń sùn jù, tó ń kọ ọmú náà, tàbí tó ń sín, tó ń húkọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ń mu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.