Másùnmáwo, Ìrísí Ara, Kí Orin Tó Dé: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Bá Eré Ìdárayá Yín Mu

Orin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Wọ́n á kó orin gbígbóná jọ sórí fóònù, wọ́n á ki íápíìsì bọ etí, wọ́n á sì gbéra. Kò ní í pẹ́ tí orúnkún á fi máa ro wọ́n, tàbí kó máa rẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọn ò sì ní í mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti mú un. Bí ọkàn àti ara ṣe jí lọ́jọ́ náà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, bí ara yín ṣe rí ló tẹ̀ lé e, orin ló kẹ́yìn. Orin kì í fi agbára kún iṣan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo ohùn àárẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ bo ohùn kan mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ ka ìlùkìkì ọkàn kí ẹ tó dìde

Bí ẹ bá ṣe jí láàárọ̀, kí ẹsẹ̀ yín tó kan ilẹ̀, ẹ fi ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò sí ọrùn ọwọ́ kejì, lọ́gbọọgba ìdí àtàǹpàkò. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ kà á, nítorí òun náà ń lù, ẹ lè máa ka tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe é fún àárọ̀ 7, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi 7 pín in. Òun ni ìwọ̀n yín. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí eré ìdárayá lè wà nísàlẹ̀ 60.

Láti ìgbà náà lọ, ọjọ́ tí iye àárọ̀ bá fi 5 sí 10 ju ìwọ̀n yín lọ, ara ń sọ nǹkan. Ó lè jẹ́ pé eré àná kò tíì kúrò lára, ó lè jẹ́ àìsàn tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ àìsùn, ó sì lè jẹ́ másùnmáwo. Bí ọkàn kò bá balẹ̀, ara á tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀: ọkàn á máa sáré lù, èjìká á le, ìmí á kúrú. Ìwọ̀nba rẹ̀ wúlò bí ìdíje bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Robert Yerkes àti John Dodson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà, ló tẹ ìwádìí tí gbogbo ayé mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1908: bí ohun tó ń ta ara jí bá ń le sí i, iṣẹ́ á dára sí i dé ibì kan, bó bá kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ tó ṣòroó ṣe ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Eku ni wọ́n lò o, nítorí náà ẹ má ṣe wá nọ́ńbà tiyín nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbọ̀n rí nígbà tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí tó ń pẹ́ lára ló léwu jù. Bí másùnmáwo bá ti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára iṣan kì í tètè padà lẹ́yìn gbígbé irin. Ẹni méjì lè gbé irin kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ara ọ̀kan ti dá ṣáṣá kí ti èkejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí iye àárọ̀ bá ga, ẹ yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà kúrò. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 45 lẹ fẹ́ sá, ẹ sá 30. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀tì 3 lẹ fẹ́ gbé, ẹ gbé 2, kí ẹ sì fi irin tó wúwo jù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bó bá ga bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ìsinmi ló kàn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó, ẹ fa ìmí sínú nígbà tí ẹ bá ń ka 4, ẹ tú u síta nígbà tí ẹ bá ń ka 6, kí kíkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmí 6 ni yóò jẹ́ nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Ìtúsíta la mú gùn nítorí ìgbà tí èémí bá ń jáde ni ọkàn máa ń rọra lù. Bí òòyì bá kọ́ yín tàbí tí ìka yín ń ṣe wínniwínni, ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ jù ni, ẹ sì ti tú carbon dioxide jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ṣe yára. Ẹ dín bí ìmí náà ṣe kún tó kù, kí kíkà wà bó ṣe wà.

Ẹni tó ń lo oògùn beta-blocker kò lè gbẹ́kẹ̀ lé kíkà yìí, nítorí oògùn náà ló ń dá ọkàn dúró kó má sáré. Bí agara ṣe ń dá a ni kó máa fi díwọ̀n. Ọ̀nà rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Bí ara yín ṣe rí

Ní àwọn ọdún 1940, William Sheldon, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ní Amẹ́ríkà, pín ìrísí ara sí mẹ́ta: endomorph, tí ara rẹ̀ kún fún ọ̀rá, mesomorph, tí egungun àti iṣan rẹ̀ gbòòrò, ectomorph, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tún so ìwà ènìyàn mọ́ ọn, ìyẹn ni wọ́n sì ti dà nù. Barbara Heath àti Lindsay Carter ló tún un ṣe ní 1967, tí olúkúlùkù fi ń gba nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, bíi 2-5-3, nítorí pé kò sí ẹni tó jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo. Wíwọ̀n mẹ́wàá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, títí kan sísanra awọ níbi mẹ́rin. Ẹ ò nílò gbogbo rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń yí eré yín padà.

Àkọ́kọ́ ni ìwúwo tí ẹsẹ̀ ń gbé. Nínú ìrìn, eré sísá àti fífi ọwọ́ fa ara sókè, ara yín gan-an ni ẹrù. Lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló ń gbé e. Ẹni tó wúwo tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tàbí ìwẹ̀ lódò ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ níṣẹ́ láìfìyà jẹ orúnkún. Bó bá dórí gbígbé irin, ẹni ńlá ló sábà máa ń borí. Bó bá dórí fífa ara ẹni sókè, ẹni tó fúyẹ́ ni. Kí ẹ má baà máa fi ara yín wé ẹni tí ara rẹ̀ kò jọ tiyín.

Èkejì ni ooru. Ara tó nípọn ní awọ díẹ̀ sí ìwọ̀n ẹran ara tó ń mú ooru wá, ooru náà kì í sì í tètè jáde. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ìlùkìkì ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa gòkè bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára sí i. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó dín kù nígbà náà, orin tó ń sáré kò ní í jẹ́ kó dín kù.

Ẹ̀kẹta ni gígùn ẹsẹ̀, òun ló kan orin gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1998, Haile Gebrselassie ti Ethiopia sá mítà 2,000 nínú gbọ̀ngàn ní Birmingham, ó sì sá a yára ju ẹnikẹ́ni tó ti sá a nínú gbọ̀ngàn rí lọ, pẹ̀lú orin tó fúnra rẹ̀ yàn tó ń dún lórí gbohùngbohùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n lọ ń wá orin rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ga ju nǹkan bí mítà 1.65 lọ, ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ìṣísẹ̀ tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu kò lè bá ti ẹni tó ga ní mítà 1.90 mu, nítorí pé bí eré bá dọ́gba, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kì í gbé ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, ẹ ka ìṣísẹ̀ yín láìsí orin. Ẹ kọ́kọ́ rìn tàbí kí ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 3, níwọ̀n tí ẹ fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin. Ẹ wá máa ka ìgbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá balẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá ka 40, ìṣísẹ̀ yín jẹ́ 160 nínú ìṣẹ́jú kan. Nínú ìrìn, nǹkan bí 100 ni eré ìdárayá ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an fún àgbàlagbà, ní nǹkan bí 130 ó ti le. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀.

Orin wá kàn

Ẹ fi orin kan sí i, ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ìlù rẹ̀ bá ṣe ń bọ́ sílẹ̀, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ 32, orin náà jẹ́ 128, ìyẹn iye ìlù nínú ìṣẹ́jú kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kíka ìlù méjì bí ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí 70 nínú orin tó ń mú ara ta kìjí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 140.

Fún eré sísá, ẹ wá orin tí iye rẹ̀ bá ìṣísẹ̀ yín dọ́gba, tàbí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀: ẹni tó jẹ́ 160 lè lo orin 160, ó sì lè lo 80, kó máa gbé ẹsẹ̀ méjì sórí ìlù kan. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ lè fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbé e ga, láti 160 sí 168, láìfi kún eré. Ìṣísẹ̀ á kúrú, ẹrù orí orúnkún á sì dín kù. Ẹ má fi ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣan ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Fún kẹ̀kẹ́ tàbí irin, kò pọn dandan kí ìlù àti ara jọ máa lọ. Láàárín 120 sí 140 dára, gbígbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ohunkóhun kún un. Ẹ to orin náà bí eré ṣe ń lọ: ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ láàárín 90 sí 110, kí ara gbóná, lẹ́yìn náà ẹ wá gbé e sókè, kí ìṣẹ́jú 5 ìparí wà láàárín 60 sí 80, kí ọkàn lè rọ̀. Ẹni tó bá fi orin gbígbóná bẹ̀rẹ̀ á lo agbára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí iye àárọ̀ bá ga, ẹ má gbé orin ga ju 110 lọ rárá.

Bí iṣẹ́ bá le débi pé ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta ló kù tí ẹ lè sọ kí èémí tó já, orin kò lè bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, ara á borí rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ohun tuntun, bíi gbígbé irin láti ilẹ̀, ẹ pa á. Lẹ́bàá títì, ẹ fi etí kan sílẹ̀. Bí ẹni tó wà níwọ̀n apá kan síyín bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ò gbọ́, ó ti pariwo jù.

Ẹ dán an wò

Gunnar Borg ará Sweden ló ṣe òṣùwọ̀n agara láti 6 dé 20: 6 túmọ̀ sí pé kò sí agara rárá, 20 sí pé kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe é kó lè jẹ́ pé bí a bá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó á sún mọ́ ìlùkìkì ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le.

Ẹ sá ọ̀nà kan náà, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú bàtà kan náà, nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ tí iye àárọ̀ kò ga: láìsí orin, pẹ̀lú orin, láìsí orin lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ìṣẹ́jú 10, ẹ kọ ìlùkìkì ọkàn àti nọ́ńbà agara sílẹ̀.

Bí agara bá lọ sílẹ̀ tí ìlùkìkì sì dúró sójú kan, orin náà bá yín mu. Bí agara bá lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìlùkìkì gòkè, orin ló ń ti ẹsẹ̀ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi 5 dín ìlù rẹ̀ kù, kí ẹ tún un dán wò. Bí méjèèjì bá gòkè, ẹ yọ orin náà kúrò nínú eré sísá, kí ẹ gbé e lọ sórí kẹ̀kẹ́. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ dúró, kí ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún jáde.