Káàdì SATA olówó pọ́ọ́kú nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀: ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ká fídíò òde ní Ìjẹ̀bú Òde, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ project fáwọn stúdẹ́ńtì ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ̀yin tí ẹ so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ yín rèé o. Gbogbo ìgbà tí Ojúde Ọba bá ti kọjá báyìí ni ọ̀rọ̀ káàdì SATA, ìyẹn káàdì tó ń fi kún ojú tí wọ́n ń so dísìkì mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, máa ń gbòde, torí fídíò ti kún gbogbo dísìkì fọ́fọ́, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó gbéṣẹ́ fún yín ò tíì wá kó tiwọn, kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ Dell tàbí HP tòkunbọ̀ tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kò sí ojú tí ẹ máa ki dísìkì míì bọ̀ lára ẹ̀ mọ́. Ni ẹnìkan á bá ní ẹ lọ ra káàdì kékeré kan ní Computer Village, ẹ kì í bọnú ẹ̀, ó tán. Ó lè tán lóòótọ́ o, káàdì yẹn kì í ṣe nǹkan burúkú, èmi náà ń fi í sínú kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà mi. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé káàdì làwọn èèyàn ń wò tí wọ́n bá fẹ́ rà á, nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó máa gbé e ló yẹ kí wọ́n wò, torí òun ló máa pinnu bí káàdì ṣe máa sáré tó.

Ẹ má rà á láì tíì ṣí kọ̀ǹpútà wò

Ẹ tú síkúrù ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ gbé ìdérí kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí bóòdù, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ so mọ́. Àwọn ojú SATA máa ń tò síbì kan, wọ́n á kọ SATA0, SATA1, SATA2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí ọ̀kan tó ṣófo tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé DVD ló gba ọ̀kan, DVD tí ẹ ò sì tíì ki nǹkan kan bọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ra kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ DVD, ẹ fi wáyà ẹ̀ so dísìkì, ẹ ò ná kọ́bọ̀. Tí ẹ bá so ó tí kọ̀ǹpútà ò rí i, ẹ má tíì bínú, Dell máa ń jẹ́ kéèyàn lè ti ojú SATA kọ̀ọ̀kan pa nínú BIOS, ìyẹn ibi ìṣètò tó wà kí Windows tó tàn, ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn bọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Drives sí, ẹ ṣí èyí tí wọ́n tì. A mọ owó ṣọ́ ní Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ àìmọye èèyàn ni mo ti rí tó ra káàdì nígbà tí ojú méjì ṣì wà lára bóòdù tó ń wò wọ́n.

Ẹ má gba páálí gbọ́

Ibí gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Nọ́ńbà ńlá tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí ni 6Gb/s, ìyẹn bíi MB 600 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Wọn ò parọ́, chip orí káàdì lè bá dísìkì sọ̀rọ̀ níyàrá yẹn. Àmọ́ orí káàdì kọ́ ni fáìlì ń lọ, ó gbọ́dọ̀ gba inú sílọ́ọ̀tì, ihò gbọọrọ tí ẹ ki káàdì bọ̀, kọjá wọ bóòdù, sílọ́ọ̀tì sì ní ìwọ̀n tiẹ̀. PCI àtijọ́ tó gùn, tó sábà máa ń funfun yẹn, MB 133 ni gbogbo agbára ẹ̀, gbogbo káàdì tó wà lórí PCI ló sì jọ máa pín in. PCIe ló rọ́pò PCI: x1 kékeré ẹ̀ ti ìran àkọ́kọ́, MB 250. Ìran kejì, MB 500. Ìran kẹta ló tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1,000. Àwọn Core 2 Duo tó pọ̀ nígboro wa yìí, àwọn tó ní chip Intel ICH9 tàbí ICH10, ìran àkọ́kọ́ ni àwọn sílọ́ọ̀tì kékeré ara wọn. Ojú SATA tó wà lára bóòdù kan náà wá ńkọ́? 3Gb/s, ìyẹn MB 300. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ojú tó bá kọ̀ǹpútà wá yára ju káàdì tuntun tí wọ́n kọ 6Gb/s sí lára lọ.

Obìnrin kan tó ní sítúdíò ní Ìkẹ́nnẹ́ gbé kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tó ní SSD, dísìkì tí kì í yí tó sì yára, wá bá mi, inú ẹ̀ ò dùn rárá. "Ẹnjiníà, wọ́n ní tí mo bá ti gbé SSD yìí sórí káàdì á máa fò ni, ó wá tún ń wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́ lórí bóòdù?" Ó dákẹ́, ó ní ẹni tó ta káàdì náà ni. A jọ jókòó, a fi CrystalDiskMark wọ̀n ọ́ lójú ẹ̀, lórí káàdì kò dé MB 200, mo gbé wáyà padà sórí bóòdù, ó lé ní 250. Káàdì yẹn ò bàjẹ́ o, chip ASM1061 gidi ló wà lórí ẹ̀, ibi tó ń gbà kọjá ló há. Mo wá fi háádì dísìkì ńlá tó ń kó fídíò àtijọ́ sí sórí káàdì, torí ọ̀pọ̀ háádì dísìkì tó ń yí ò lè dé MB 250 yẹn náà, kò sí ohun tó pàdánù níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: SSD lórí bóòdù, dísìkì ńlá lórí káàdì.

Ẹnìkan á ní òun á ki káàdì sínú sílọ́ọ̀tì gígùn tí wọ́n ń fi graphics sí. Ọgbọ́n ni. Lórí bóòdù tó ní chipset Q45 (chip ńlá tó ń darí bóòdù), ìran kejì ni sílọ́ọ̀tì yẹn, káàdì x1 máa rí MB 500 níbẹ̀. Lórí Q35 tó ṣáájú ẹ̀, ìran àkọ́kọ́ náà ni, kò sí èrè. Kọ̀ǹpútà míì wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ki nǹkan sí ojú yẹn, á pa graphics ara bóòdù, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, ẹ̀yin á rò pé ẹ ti sun ún.

Ṣé káàdì PCI ló yẹ láti rà lónìí?

Mi ò ní purọ́, tí sílọ́ọ̀tì PCIe bá wà lára kọ̀ǹpútà yín, ẹ má ra ti PCI. Ti PCI olójú mẹ́rin tó gbajúmọ̀, Silicon Image SiI3114, 1.5Gb/s ni ojú kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọ ń pín MB 133 yẹn. Tí ẹ bá ń kó fáìlì láti dísìkì kan sí òmíì, tí méjèèjì sì wà lórí káàdì kan náà, ọ̀nà kan náà ló máa gbà wọlé tó tún máa gbà jáde, ẹ ò ní rí tó ìdajì. Ká ní ẹ rí MB 50, GB 500 fídíò máa gbà ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ, ẹ sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín. Àwọn tó ní chip VIA VT6421 tún ní ìṣòro tiwọn, dísìkì tó bá ti ju 1.5Gb/s lọ, wọ́n lè má rí i rárá, àfi tẹ́ ẹ bá fi jumper, ike kékeré tó ń so irin méjì pọ̀, sẹ́yìn dísìkì láti dá a padà sí 1.5. Ọ̀pọ̀ dísìkì tuntun ò tiẹ̀ ní ojú jumper yẹn mọ́. Ẹni tó rò pé dísìkì ló kú, tó lọ ń bá ẹni tó tà á fún un jà, ó pọ̀.

Ẹ má ka ojú, ẹ ka chip

Káàdì olójú mẹ́wàá lórí x1 kan ṣoṣo ń wọ àwọn èèyàn lójú gan-an. Ẹ wo chip tó wà láàárín ẹ̀, dúdú onígun mẹ́rin kékeré yẹn, lẹ́tà ara ẹ̀ kéré débi pé ẹ máa fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra kẹ́ ẹ tó rí i kà. ASM1061, ojú méjì ló ní látinú wá. Tẹ́ ẹ bá wá rí i lórí káàdì olójú mẹ́fà, chip míì wà níbẹ̀ tó ń pín ojú kan sí púpọ̀, bíi JMB575, dísìkì márùn-ún á máa dúró de ara wọn lójú kan ṣoṣo, tí ọ̀kan bá sì kọsẹ̀ ó lè mú àwọn yòókù pòórá pẹ̀lú ẹ̀. ASM1064 ní mẹ́rin gidi, JMB585 ní márùn-ún, ASM1166 ní mẹ́fà. Ìran kẹta ni àwọn mẹ́ta yìí, wọ́n á ṣiṣẹ́ nínú ti àtijọ́, àmọ́ ìwọ̀n ti àtijọ́ náà ni wọ́n máa sá. Ọ̀pọ̀ JMB585 ni ẹsẹ̀ ẹ̀ sì gùn ju x1 lọ, kò lè wọ sílọ́ọ̀tì kékeré tí ẹ̀yìn ẹ̀ dí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ayùn gé e.

Tí wọ́n bá ti lẹ irin mọ́ orí chip tí ẹ ò lè kà á, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo Hardware Ids: VEN_1B21 ni ASMedia, 197B ni JMicron, 1095 ni Silicon Image, 1B4B ni Marvell. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí àti ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ lè má bára mu. Tí kọ̀ǹpútà yín bá sì jẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ bèèrè irin ẹ̀yìn kúkúrú mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á.

Iná

Èyí ló lè jó ṣọ́ọ̀bù. Káàdì ń fún yín lójú dátà, kò fún yín níná, ni wọ́n á bá ra wáyà tó ń yí molex, orí wáyà iná àtijọ́, padà sí SATA. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, orí SATA ẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí wọ́n yọ́ lé wáyà lórí, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti lè rí irin inú ẹ̀, wáyà inú ẹ̀ lè sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná, wáyà 12V á kan wáyà ilẹ̀ (ground), ó dìgbà tí èéfín bá jáde. Mo ti tú irú ẹ̀ lára dísìkì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà yẹ́lò ti wọlé ti di búráùn, rọ́bà ti wú, kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn, ẹni tó ni ín ò mọ nǹkan kan. Oríṣi kejì, wáyà wọ ihò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdérí ike wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣí. Èyí ni kẹ́ ẹ rà.

Power pack àwọn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ yìí kì í sábà ju 235W tàbí 240W lọ. Háádì dísìkì ńlá kan lè fa bíi 2A lórí 12V nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìyẹn W 24, mẹ́rin pa pọ̀ ti sún mọ́ 100W lẹ́ẹ̀kan náà kí processor tó gba tiẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn tó ń kú lówùúrọ̀, ẹ yọ dísìkì kan wò ná kẹ́ ẹ tó bú káàdì.

RAID, Windows àti 2TB

Ẹ fi dísìkì tí Windows wà nínú ẹ̀ sílẹ̀ lórí bóòdù. Káàdì míì ò ní ohun tí BIOS máa fi rí dísìkì láti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó sì ní in máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tàn. Bákan náà, ẹ má ṣàdédé yí ọ̀nà tí bóòdù ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀ padà láti IDE sí AHCI nínú BIOS torí ẹ gbọ́ pé ó yára, Windows tí wọn ò pèsè sílẹ̀ fún un á fún yín ní ojú aláwọ̀ búlúù, 0x0000007B. Lórí Windows 10 ẹ kọ́kọ́ fi Safe Boot sí msconfig, ẹ wá yí BIOS, ẹ jẹ́ kó tàn sí Safe Mode lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

RAID (kéèyàn pa dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ọ̀kan) tó bá káàdì olówó pọ́ọ́kú wá, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tí káàdì bá kú, dísìkì wà láàyè àmọ́ kọ̀ǹpútà míì lè má mọ bó ṣe tò ó, ẹ ó sì máa wá irú káàdì kan náà kiri. Dísìkì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ máa da iṣẹ́ kọ síkejì lálaalẹ́, sàn jù ú lọ fíìfíì. Tí Windows bá sì bi yín bóyá kó Initialize dísìkì tẹ́ ẹ mọ̀ pé fáìlì wà nínú ẹ̀, ẹ tẹ Cancel. Ẹ gbọ́ mi o, Cancel.

Dísìkì tó ju 2TB lọ ní wàhálà tiẹ̀. GPT àti MBR ni ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín dísìkì. Windows XP 32-bit ò lè ka GPT, MBR ò sì lè kọjá nǹkan bíi 2.2TB. Tí 3TB yín bá hàn bíi GB 746 lórí káàdì, driver tàbí chip àtijọ́ ni ò lè kà á tán, ẹ má kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ nípò yẹn, ó lè padà wá kọ lé orí fáìlì àkọ́kọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó kó iṣẹ́ oníbàárà sórí ẹ̀, ẹ kó fídíò tó ti ní ẹ̀dà níbòmíì sí i, ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ kó máa kà á títí ilẹ̀ á fi mọ́ pẹ̀lú UPS nídìí ẹ̀, ẹ wá ṣí CrystalDiskInfo, ẹ wo ìlà C7, tó ń ka iye ìgbà tí dátà ṣì lójú wáyà. Nọ́ńbà yẹn kì í padà sí òdo, nítorí náà ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà SATA ṣáájú ohunkóhun, ẹ ra èyí tó ní irin kékeré tó ń há mọ́ ojú, torí àwọn tí ò ní in yẹn, fáànù lásán tó ń gbọ̀n ti tó láti yọ wọ́n.