Ẹ má dá WordPress lẹ́bi: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí wẹ́ẹ́bùsáìtì yunifásítì

Bí wẹ́ẹ́bùsáìtì yunifásítì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò ṣe tuntun. Owó á jáde, àwọ̀ á yí padà, fọ́tò gíwá á tóbi sí i lójú ewé àkọ́kọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi padà sí bó ṣe wà. WordPress tàbí Drupal, àwọn ètò tí a fi ń kọ́ wẹ́ẹ́bùsáìtì tí a sì fi ń bójú tó o, kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ta ló ni ojú ewé wo, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ta ló yẹ kó yọ ohun tó ti gbó kúrò. WordPress la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí òun ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn yunifásítì wa.

Pípa ojú ewé rẹ́, kí ẹ rò pé fáìlì ti bá a lọ

Ẹ wo ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́. WordPress máa ń to fáìlì sínú àpò ọdún àti oṣù tí wọ́n gbé e sókè. Fáìlì tó ń jẹ́ school-fees.pdf tí wọ́n gbé sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 yóò wà ní /wp-content/uploads/2024/10/school-fees.pdf. Tí wọ́n bá gbé tuntun sókè lọ́dún 2025, àpò mìíràn ló máa bọ́ sí, àdírẹ́sì rẹ̀ á sì yàtọ̀. Tó bá jẹ́ pé nínú oṣù kan náà ni wọ́n rí àṣìṣe tí wọ́n sì tún un gbé sókè, WordPress kò ní fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Yóò sọ tuntun náà ní school-fees-1.pdf, yóò sì fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà á tẹ líǹkì tuntun wò, á rí i pé ó ṣí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ líǹkì àtijọ́ ti wọ inú WhatsApp àwọn òbí, Google náà ti mọ̀ ọ́n. Iye ọdún tó kọjá ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú lọ sí báǹkì. Kódà bí ẹ bá pa odindi ojú ewé náà rẹ́, inú Media Library, ibi tí WordPress ń kó gbogbo fáìlì tí ẹ gbé sókè sí, ni fáìlì ṣì wà, ẹni tó bá ti ní àdírẹ́sì rẹ̀ á ṣí i.

Ẹ kọ iye owó sójú ewé gan-an bíi tábìlì, ní àdírẹ́sì kan tí kì í yí padà, bíi /fees/. Ẹ má fi ọdún sínú àdírẹ́sì náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ ó máa yí lọ́dọọdún. Bí bursary bá takú pé PDF ni àwọn fẹ́, plugin (àfikún tí ẹ ń so mọ́ WordPress) tó ń jẹ́ Enable Media Replace lè fi fáìlì tuntun sípò ti àtijọ́ láì yí àdírẹ́sì padà. Èyí tí kò wúlò mọ́, ẹ wá a rí nínú Media Library, kí ẹ tẹ "Delete permanently". Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó lọ sí Removals nínú Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google fún onísáìtì láti máa wo bí sáìtì rẹ̀ ṣe ń hàn nínú àwárí. Ohun tí ẹ bá béèrè níbẹ̀ ń bo àdírẹ́sì náà mọ́lẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà péré. Tí fáìlì bá ṣì wà lórí server (kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ́bùsáìtì ń gbé) lẹ́yìn ìyẹn, yóò tún yọjú.

Èyí tó burú jù nínú irú àwọn fáìlì yìí ni ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé, tí nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ ìbí wà nínú rẹ̀. Pé kò sí líǹkì kankan tó lọ síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun ìpamọ́. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n, ó sì fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí bí dátà àwọn ènìyàn bá tú síta lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Inú portal, lẹ́yìn páásíwọ̀ọ̀dù, ni kí oníkálukú ti wo orúkọ ara rẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ ti lọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ ṣí "Users" lórí wẹ́ẹ́bùsáìtì yín lónìí, kí ẹ ka iye Administrator, ìyẹn àwọn tó lè ṣe ohun gbogbo, tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ ó bá orúkọ àgùnbánirọ̀ tó ti parí ìsìnrú ìlú rẹ̀ tipẹ́, ti kọngílá tó kọ́ ọ, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ "admin" lásán tí ènìyàn mẹ́fà jọ ń lo páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìdí tí ipò Administrator fi ń pọ̀ yé ni. WordPress ní ipò márùn-ún láti ilẹ̀: Administrator, Editor, Author, Contributor àti Subscriber. Contributor lè kọ ìròyìn, àmọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì lè gbé fọ́tò sókè. Author lè ṣe méjèèjì fún ìròyìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún ojú ewé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe rárá, torí Editor ni agbára orí "Pages" ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí akọ̀wé ẹ̀ka Físíìsì bá sì ti di Editor, ó lè tún ojú ewé rẹ́jísítírà náà kọ. Ìgbà tí wọ́n bá ti ja ìjàkadì yìí títí tó sú wọn, wọ́n á kàn sọ gbogbo ènìyàn di Administrator.

Multisite, ètò tó ń jẹ́ kí WordPress kan gbé ọ̀pọ̀ sáìtì, ló tú kókó yẹn. Láti ọdún 2010, nígbà tí WordPress 3.0 jáde, ló ti wà nínú rẹ̀. Fákọ́tì kọ̀ọ̀kan á ní sáìtì tirẹ̀ lábẹ́ ilé kan náà, akọ̀wé á jẹ́ Editor níbẹ̀ nìkan, ẹ̀ka ICT nìkan ni yóò sì jẹ́ Super Admin. Plugin kò ní wọlé àfi láti ọwọ́ Super Admin. Ènìyàn méjì sí mẹ́ta tó fún ipò yẹn, kí oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀ àti kóòdù kejì tó ń wá sórí fóònù lẹ́yìn páásíwọ̀ọ̀dù.

Tí òṣìṣẹ́ bá wá lọ, ẹ má sáré tẹ "Delete". WordPress yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe: "Delete all content" tàbí "Attribute all content to". Ẹni tó bá mú ti àkọ́kọ́ yóò pa gbogbo ìròyìn àti ojú ewé tí ẹni náà kọ rẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ti kejì lẹ ó mú, kí ẹ yan ẹni tó gba ipò rẹ̀.

Domain, ìyẹn orúkọ wẹ́ẹ́bùsáìtì, náà ńkọ́? .edu.ng kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè lọ rà, àmọ́ ímeèlì tó wà lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ Gmail ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ímeèlì ọ́fíìsì ni kó wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹni tó bá wà lórí àga lè ṣí.

Theme ọ̀fẹ́ àti ìpolówó tẹ́tẹ́

Àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn domain yunifásítì gan-an, torí Google fọkàn tán an. Wọ́n á wọlé gba inú plugin tí ẹnikẹ́ni kò ṣe update fún, tàbí inú theme (ètò ìrísí wẹ́ẹ́bùsáìtì) olówó tí wọ́n jí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè. Wọ́n á wá da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé tẹ́tẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí wẹ́ẹ́bùsáìtì náà fúnra yín, ẹ kò ní rí nǹkan kan, nítorí Google nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Ẹ tẹ site: pẹ̀lú domain yín, kí ẹ fi "casino" tàbí "slot" kún un nínú Google. Ẹ ṣe é lóṣooṣù. Ẹ má gbàgbé subdomain (sáìtì kékeré lábẹ́ domain yín) àpérò tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ àti ti jọ́nà ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí jù.

Pípa àwọn ojú ewé yẹn rẹ́ nìkan kò tó, wọ́n á tún hù. Ẹ fi WP-CLI, irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún WordPress nípa títẹ ọ̀rọ̀, ṣe "wp core verify-checksums" kí ẹ lè rí fáìlì WordPress tí wọ́n ti fọwọ́ bà. Ẹ wo inú mu-plugins, àpò plugin tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án. Ẹ wá fáìlì .php (fáìlì kóòdù) nínú uploads: kò sídìí tó fi yẹ kó wà níbẹ̀, kí server kọ̀ láti ṣiṣẹ́ PHP nínú àpò náà pátápátá. Ẹ fi define('DISALLOW_FILE_EDIT', true); sínú wp-config.php, kí ẹni tó bá jí páásíwọ̀ọ̀dù má lè kọ kóòdù láti inú dashboard, ojú ewé ìṣàkóso.

Àwọn tó wà lórí Drupal 7 ní tiwọn: àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹni tó bá rántí oṣù kẹta ọdún 2018, nígbà tí ihò kan nínú Drupal jẹ́ kí ẹni tí kò tilẹ̀ wọlé lè ṣiṣẹ́ kóòdù lórí server, yóò mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ tí wẹ́ẹ́bùsáìtì tuntun bá jáde

Àpótí kékeré kan wà nínú Settings, lábẹ́ Reading: "Discourage search engines from indexing this site". Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á sì gbàgbé láti tú u. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n á máa wá ìdí tí Google kò fi mọ̀ wọ́n mọ́.

Àdírẹ́sì àtijọ́ náà kò gbọdọ̀ kú. Bí ẹ bá yí orúkọ ìròyìn padà, WordPress máa ń rántí ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún "Pages": tí ẹ bá gbé ojú ewé kan sábẹ́ òmíràn, àdírẹ́sì á yí, WordPress kò sì tọ́jú ti àtijọ́. Ẹ to gbogbo àdírẹ́sì sínú tábìlì olópòó méjì, àtijọ́ àti tuntun, kí ẹ fi 301, àmì tó ń darí ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun, so wọ́n pọ̀. Plugin Redirection tó fún un. Àwọn tó ń sáré Webometrics, àtẹ tó ń to ipò àwọn yunifásítì lórí wẹ́ẹ́bù, ló yẹ kí èyí ká lára jù, nítorí ìdajì máàkì rẹ̀ ló ti máa ń wà lórí líǹkì tí àwọn ẹlòmíì fi sí domain ilé-ẹ̀kọ́.

Ìkéde inú fọ́tò, àti orúkọ wa

Flier kì í ṣe ìkéde. Google kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò lè kà á, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè da nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ láti orí fóònù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà jáde, kí fọ́tò jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ dín fọ́tò kù sí píksẹ́lì 1600 ní fífẹ̀, kó má ju 200 KB lọ.

Ẹ tún yẹ font wò. Tí ẹ bá ń gbé font láti Google Fonts sórí server yín, ìpín "latin" nìkan kò ní ẹ àti ọ nínú, "latin-ext" ló gbé ṣ, ìpín "vietnamese" ló sì gbé ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ti àwọn ará Vietnam. Láìsí i, lẹ́tà kan á nípọn, èkejì á tín-ín-rín láàárín orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ tẹ "Ẹ̀kọ́ Ọ̀ṣun Ṣẹ́gun" sójú ewé wò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ kọngílá.

Portal àti backup

Ẹ má jẹ́ kí portal èsì Post-UTME àti wẹ́ẹ́bùsáìtì jọ wà lórí server kan. Ọjọ́ tí èsì bá jáde, méjèèjì ni yóò wó. Ẹ lè fi cache (ẹ̀dà ojú ewé tí a tọ́jú kó lè yára ṣí) sí ojú ewé ìkéde bó ṣe wù yín, àmọ́ ojú ewé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé sí kò gbọdọ̀ wọ cache láé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kan á ṣí i, á bá èsì ẹlòmíì.

Ní ti backup, plugin UpdraftPlus máa ń kó tirẹ̀ sínú wp-content/updraft tí ẹ kò bá yan ibòmíràn fún un. Orí server kan náà nìyẹn: tí server bá lọ, ó ti bá a lọ. Ẹ yan ibi ìpamọ́ tó wà níta, kí ẹ rí i pé database (ibi tí ọ̀rọ̀ inú ojú ewé wà) àti uploads ló wọ inú rẹ̀, kí ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ sì máa gbé e padà sórí server àdánwò ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, kó ṣí ojú ewé mẹ́wàá, kó gbìyànjú láti wọlé, kó sì kọ iye wákàtí tó gbà á sílẹ̀.