Bí A Ṣe Ń Wọn Alkalinity Omi Iyùn Láìṣìnà

Iyùn tó wà láàyè a máa fa kálísíọ́ọ̀mù àti baikábónéètì inú omi lò láti fi kọ́ egungun ara rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń fà wọ́n. Alkalinity ni agbára tí omi ní láti gba ásíìdì mọ́ra kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe ní ásíìdì tó) tó wó lulẹ̀, baikábónéètì yìí ló sì kó ipa tó pọ̀ jù lọ nínú agbára náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sìn iyùn nínú àpótí onídígí nílé gbọ́dọ̀ mọ iye rẹ̀ dájúdájú. dKH ni òṣùwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù. Omi òkun gidi máa ń wà ní nǹkan bíi 7 dKH, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sìn iyùn a sì máa fi tiwọn sáàárín 7 sí 11. Bí ohun èlò ìdánwò yín bá ń ka òṣùwọ̀n mìíràn tó ń jẹ́ meq/L, ẹ fi 2.8 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó rí dKH. Bó bá ń ka ppm, ẹ fi 17.9 pín in.

Ibi tí ẹ ti bu omi àti ìgbà tí ẹ bù ú ṣe pàtàkì. Ẹ máa bù ú ní aago kan náà, kí ẹ̀rọ tó ń fi baikábónéètì kún omi tó kán an sínú àpótí, níbi tí omi ti ń yí dáadáa, tó sì jìnnà sí ẹnu rọ́bà tí baikábónéètì náà ń gbà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fi omi inú àpótí náà ṣan ìgò ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé omi mìíràn tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ yóò bomi la èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Sírínjì ni kí ẹ fi wọn mílílítà 5, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà ara ìgò; ẹ gbé e dé ojú yín gan-an, kí ẹ sì rí i pé afẹ́fẹ́ kò há sínú rẹ̀. Bí mílílítà 5 bá lọ di 4.5, èsì yín ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, àwọ̀ tó mọ́ tónítóní jù lọ kò sì lè tún un ṣe mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń kán oògùn ìdánwò, ìyẹn ásíìdì tí ẹ ó máa ka ẹ̀kán rẹ̀ títí àwọ̀ omi yóò fi yí padà, ẹ di ìgò oògùn náà mú lóòró, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ gan-an, torí pé bí ó bá dagun, ẹ̀kán kan yóò tóbi ju èkejì lọ. Ẹ máa mi ìgò ìdánwò lẹ́yìn ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Bí òpin bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀kán kan yóò bọ́, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yóò yọ fìrí láàárín omi bí èéfín kékeré. Bí ẹ bá mì ín, yóò pòórá, àwọ̀ ewé yóò sì padà wá. Kò tíì tán nìyẹn. Ẹ̀kán tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà mọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti mì ín fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ni òpin. Àwọ̀ lè jẹ́ búlúù tó ń di yẹ́lò nínú ohun èlò mìíràn, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni. Bí ẹ̀kán kan bá dúró fún 1 dKH, ẹ lo mílílítà 10 dípò 5, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò sì di ìdajì dKH. Àwọn tó ń fi sírínjì kán oògùn lè ka ìdá kan nínú mẹ́wàá dKH, tí wọ́n bá ń kà á ní ibì kan náà ní etí rọ́bà dúdú inú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Oògùn ìdánwò tó ti bàjẹ́ ni ọ̀tá tí kì í hàn sójú. Mo ti fi ìdérí ìgò oògùn sílẹ̀ láìdé e le rí. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ásíìdì tó ṣẹ́kù sì ń le sí i. Ásíìdì tó le kò nílò ẹ̀kán púpọ̀ kó tó yí àwọ̀ padà, nítorí náà èsì mi kéré ju òtítọ́ lọ. Mo rí 6.5, mo sì ń fi baikábónéètì kún omi lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé ó ti ga kọjá ààlà, títí tí ṣóńṣó orí àwọn iyùn ẹlẹ́ka fi funfun, tí ẹran ara wọn sì ń bó. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n, ìtọ́jú mi sì ni wọ́n gbójú lé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi omi tí mo mọ iye rẹ̀ dán ohun èlò wò ní oṣooṣù, mo sì rọ̀ yín pé kí ẹ má fi èyí ṣeré. Ẹ wọn baking soda gíráàmù 2.4 lórí òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kí ẹ pò ó mọ́ omi tí a ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé lítà 1. Ẹ bu mílílítà 100 nínú rẹ̀, kí ẹ fi irú omi kan náà sọ ọ́ di lítà 1. Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí jẹ́ 8 dKH. Baking soda ni o, kì í ṣe baking powder, èyí tí wọ́n ti po ásíìdì mọ́. Bí ohun èlò yín bá ka 7.2 dípò 8, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án èsì kún gbogbo ohun tó bá kà, tàbí kí ẹ ra tuntun.

Bí èsì kan bá yà yín lẹ́nu, ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì yẹ iyọ̀ omi náà wò, nítorí pé bí iyọ̀ bá dín, alkalinity náà yóò dín. Ìgbà tí èsì méjì bá bára mu ni kí ẹ tó yí iye baikábónéètì tí ẹ ń fi kún omi padà, ẹ má sì jẹ́ kí alkalinity yí padà ju 1 dKH lọ lóòjọ́.